Bí A Ṣe Ń Kọ Àṣẹ fún Ṣíìpù 6502

Ẹ wo ìlà méjì yìí dáadáa:

LDA #5
LDA 5

Ẹni tí kò tíì fojú kan èdè assembly rí lè rò pé iṣẹ́ kan náà ni ìlà méjèèjì ń rán, pé ẹni tó tẹ ìkejì kàn gbàgbé àmì háàṣì ni. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rán. Ìlà kìíní ní kí ṣíìpù gbé nọ́ńbà 5 fúnra rẹ̀. Ìlà kejì ní kó lọ sí àdírẹ́sì 5 nínú mẹ́mọ́rì, kó sì gbé nọ́ńbà yòówù tó bá bá níbẹ̀. Ẹni tó sọ fún ọmọ pé "gba náírà márùn-ún" kò rán an ní iṣẹ́ tí ẹni tó sọ pé "lọ sílé nọ́ńbà 5, kí o mú ohun tó wà lórí tábìlì wá" rán an. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni pé ìlà méjèèjì ló tọ̀nà. Kọ̀ǹpútà kò ní kọ èyíkéyìí nínú wọn, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kọ ni yóò ṣe, ìgbà tí àbájáde bá jáde ní òdì ni a óò tó mọ̀ pé háàṣì kan ti sọnù.

Gbogbo ìlànà kíkọ èdè yìí ló rọ̀ mọ́ irú àmì kéékèèké bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ inú rẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì ṣòro há sórí. Ohun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àṣẹ ni iṣẹ́ wà: bóyá háàṣì wà níwájú rẹ̀, ibi tí kọ́mà bọ́ sí, ibi tí àkámọ́ ti ṣí àti ibi tó ti pa dé. Àwọn àmì yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Bíìtì gidi tó wà nínú nọ́ńbà tí ṣíìpù ń kà ni wọ́n dúró fún, a sì lè tọ́ka sí bíìtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣíìpù tí à ń sọ ni 6502, tí ilé-iṣẹ́ MOS Technology ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1975. Chuck Peddle ló ṣáájú àwọn tó ṣe é, Bill Mensch sì wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ Motorola ni wọ́n ti wá, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ṣíìpù 6800. Owó pọ́ọ́kú ló sọ 6502 di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tí Intel kọ́kọ́ gbé 8080 jáde lọ́dún 1974, dọ́là 360 ni wọ́n pe ẹyọ kan. Ní ìpàtẹ WESCON ní San Francisco, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975, dọ́là 25 ni Peddle àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ta 6502. Steve Wozniak ra ọ̀kan, òun ló sì fi ṣe Apple I àti Apple II. Commodore PET, Atari 2600, BBC Micro, Commodore 64 àti ẹ̀rọ géèmù NES ti Nintendo, ṣíìpù yìí tàbí àwọn tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún 1980, LDA wà lára àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣíìpù fúnra rẹ̀ kò mọ LDA. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Nígbà tí a bá kọ LDA #5, báìtì méjì ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: A9 àti 05. Tí a bá kọ LDA 5, A5 àti 05 ló máa rí. A9 àti A5 ni nọ́ńbà àṣẹ, 05 ni ohun tí àṣẹ náà fẹ́ lò. Púrógíráàmù tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ di nọ́ńbà wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní assembler. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní i nígbà náà. Wozniak kò lówó tí yóò fi yá irú ẹ̀rọ tó ní assembler, nítorí náà orí ìwé ló ti kọ èdè BASIC tó ṣe fún Apple: ó kọ àṣẹ sí apá kan, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá nọ́ńbà ìlà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni, mo sì ka ọwọ́ tó ṣe é sí ọwọ́ ọ̀gá.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Báìtì kan ní bíìtì mẹ́jọ, nítorí náà ohun tó lè gbà kò ju 0 sí 255 lọ. Àdírẹ́sì ní bíìtì mẹ́rìndínlógún, ìyẹn ni pé àyè 65,536 ni ṣíìpù náà lè na ọwọ́ dé. Àwọn tó ń kọ assembly fẹ́ràn òǹkà onímẹ́rìndínlógún, èyí tí A ti tẹ̀ lé 9, tó sì dúró fún 10, títí dé F tó dúró fún 15. Ìdí ni pé àmì kan ṣoṣo nínú òǹkà yìí gba bíìtì mẹ́rin gẹ́lẹ́, méjì gba báìtì kan, mẹ́rin sì gba àdírẹ́sì lódindi. Àmì dọ́là ni a fi ń dá a mọ̀: $10 kì í ṣe mẹ́wàá, mẹ́rìndínlógún ni. Àmì % ló ń ṣáájú òǹkà oníméjì, bíi %00000101. Nọ́ńbà tí kò ní àmì kankan níwájú, onímẹ́wàá tí gbogbo wa mọ̀ ni. Láti Motorola ni Peddle àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gbé dọ́là àti háàṣì bọ̀. Wọn kò dá wọn sílẹ̀ fúnra wọn.

Inú ṣíìpù náà kò ní ibi ìkó-nǹkan-sí púpọ̀. Rẹ́jísítà mẹ́ta ni ẹni tó ń kọ púrógíráàmù máa ń lò nígbà gbogbo, báìtì kan ṣoṣo sì ni ìkọ̀ọ̀kan wọn ń gbà. A ni ibi tí ìṣirò ti ń wáyé. X àti Y wà fún kíkà àti fún títọ́ka sí àyè kan láàárín ọ̀pọ̀ àyè. Àwọn mìíràn wà tó ń ṣọ́ ibi tí iṣẹ́ dé, àti bíìtì kéékèèké tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn, irú bíi Z tó ń sọ pé àbájáde jẹ́ òdo, àti C tó ń gbé ìyókù tó bá jù 255 lọ dání.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ jẹ́ 56, lẹ́tà mẹ́ta sì ni gbogbo wọn láìku ẹyọ kan. Èyí wù mí púpọ̀ nípa ṣíìpù yìí. LDA, LDX àti LDY ń gbé nǹkan wọ inú rẹ́jísítà. STA, STX àti STY ń gbé e padà sí mẹ́mọ́rì. TAX ń kọ ohun tó wà nínú A sínú X, TYA ń kọ ti Y sínú A. INX ń fi ọ̀kan kún X, DEX ń yọ ọ̀kan kúrò. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, bíi BEQ àti BNE, ń fò lọ síbòmíràn tí bíìtì kan bá wà bí a ṣe fẹ́ (BIT àti BRK nìkan ni kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí). ROR, tó ń yí bíìtì sí apá ọ̀tún, kò sí nínú àwọn 6502 tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fi í sí i. Ẹni tó bá mọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè méfò ìyókù, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Ìlà kan nínú púrógíráàmù ní ipò mẹ́rin. Ipò kìíní wà fún orúkọ tí a fún ìlà náà, tí a bá fún un lórúkọ. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ìkẹta ni ohun tí àṣẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìkẹrin ni àkíyèsí tí ènìyàn kọ fún ènìyàn, èyí tí assembler máa ń fò. Sẹ́míkólọ́ọ̀nù ló ń ṣí i. Ààyè òfìfo ló ń pín wọn níyà, nínú ọ̀pọ̀ assembler ìgbà náà sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ti ṣe pàtàkì: ọ̀rọ̀ tó bá kan etí ojú ìwé, orúkọ ni, ọ̀rọ̀ àṣẹ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ LDA mọ́ etí ojú ìwé lè dá orúkọ tuntun tó ń jẹ́ LDA sílẹ̀ láìmọ̀.

Ipò kẹta yìí ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Ẹ wo àṣẹ LDA ní gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà kọ ọ́, pẹ̀lú báìtì tí ìkọ̀ọ̀kan di:

LDA #$20      A9 20
LDA $20       A5 20
LDA $20,X     B5 20
LDA $0320     AD 20 03
LDA $0320,X   BD 20 03
LDA $0320,Y   B9 20 03
LDA ($20,X)   A1 20
LDA ($20),Y   B1 20

Ọ̀rọ̀ kan, nọ́ńbà àṣẹ mẹ́jọ. Kò sí ibì kankan tí a ti kọ ọ́ pé "lo ọ̀nà kẹrin". Bí ipò kẹta ṣe rí ni assembler ń wò tó fi mọ èyí tí a fẹ́. A ti rí háàṣì tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín $20 àti $0320 ni gígùn àdírẹ́sì. Àyè 256 àkọ́kọ́ nínú mẹ́mọ́rì, láti $0000 dé $00FF, ni wọ́n ń pè ní ojú ìwé òdo. Báìtì kan tó láti tọ́ka síbẹ̀, torí pé òdo ni báìtì kejì. Èyí ń dín àyè kù, ó sì ń dín àkókò kù: LDA $20 ń gba ìlù aago mẹ́ta, LDA $0320 ń gba mẹ́rin, LDA #$20 sì ń gba méjì péré. Lórí ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi KIM-1 tí MOS Technology fúnra rẹ̀ tà, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré tí àṣẹ bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ géèmù fi ń du àyè inú ojú ìwé òdo.

Ẹ sì kíyè sí i pé $0320 di 20 03 nínú mẹ́mọ́rì. Báìtì kékeré ló ń ṣáájú, báìtì ńlá ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń kà á lórí ìwé ni yóò fi ọkàn rẹ̀ yí i padà. Ṣíìpù ní tirẹ̀ fẹ́ràn kékeré níwájú nítorí pé apá yẹn ló kọ́kọ́ fẹ́ fi X tàbí Y kún.

Kọ́mà tí X tẹ̀ lé túmọ̀ sí pé kí a fi ohun tó wà nínú X kún àdírẹ́sì kí a tó lọ síbẹ̀. Tí X bá jẹ́ 3, LDA $0320,X yóò lọ sí $0323. Báyìí ni a ṣe ń rìn la ọ̀pọ̀ nǹkan tó tò tẹ̀ léra kọjá: nọ́ńbà inú X ló ń yí, àṣẹ kò yí.

Àkámọ́ ló máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Ohun tó ń sọ ni pé: ohun tó wà ní àdírẹ́sì yìí kì í ṣe nǹkan tí mò ń wá, àdírẹ́sì mìíràn ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé báìtì tó wà ní $20 jẹ́ 00, èyí tó wà ní $21 sì jẹ́ 04. Àwọn méjèèjì papọ̀ jẹ́ àdírẹ́sì $0400. Nígbà tí Y bá jẹ́ 3, LDA ($20),Y yóò kọ́kọ́ ka $0400 jáde láti inú $20 àti $21, yóò wá fi 3 kún un, yóò sì gbé ohun tó wà ní $0403. Àkámọ́ ti pa dé kí kọ́mà tó dé, nítorí náà ìparí ni ìfikún wáyé.

Ní ti LDA ($20,X), kọ́mà wà nínú àkámọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ni ìfikún ti wáyé. Tí X bá jẹ́ 3, ṣíìpù kò ní wo $20 rárá. $23 àti $24 ni yóò lọ wò, àdírẹ́sì tó bá bá níbẹ̀ ni yóò sì lò bó ṣe wà. Ẹni tó bá ń ka àmì náà láti inú bọ́ sí ìta yóò rí i pé ìwé náà sọ bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ léra gẹ́lẹ́. X nìkan ló lè wọ inú àkámọ́, Y nìkan ló lè dúró síta. LDA ($20),X kò sí, LDA ($20,Y) kò sí; assembler yóò kọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì tó wà, ($20),Y ni a máa ń bá pàdé jù nínú iṣẹ́ gidi, torí pé òun ló jẹ́ kí a lè fi báìtì méjì nínú ojú ìwé òdo tọ́ka sí ibikíbi, kí a sì máa rìn láti ibẹ̀ lọ.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí a tú nọ́ńbà àṣẹ palẹ̀. A9 ní òǹkà oníméjì jẹ́ 10101001. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: 101, 010, 01. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún A5, tó jẹ́ 10100101: 101, 001, 01. Ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ìparí kan náà. Àárín nìkan ló yí padà. Tí a bá ṣe é fún gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ohun tí a óò rí nìyí:

000   ($20,X)
001   $20
010   #$20
011   $0320
100   ($20),Y
101   $20,X
110   $0320,Y
111   $0320,X

Bíìtì mẹ́ta kò lè jẹ́ ju oríṣi mẹ́jọ lọ, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì ni wọ́n lò tán. Háàṣì ni 010. Àkámọ́ tó pa dé ṣáájú kọ́mà ni 100. Gbogbo ohun tí ọwọ́ wa ń kọ sí ipò kẹta, àwọn bíìtì mẹ́ta yìí ló ń gbé e wọ inú ṣíìpù. Bíìtì mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àṣẹ: 000 ni ORA, 001 ni AND, 010 ni EOR, 011 ni ADC, 100 ni STA, 101 ni LDA, 110 ni CMP, 111 ni SBC. Ẹni tó bá mọ tábìlì kékeré méjì yìí lè fi orí ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ assembler fún àwọn àṣẹ mẹ́jọ tó ṣe pàtàkì jù. Kí ni nọ́ńbà ADC $0320,X? 011 fún ADC, 111 fún àdírẹ́sì gígùn pẹ̀lú X, 01 ní ìparí: 01111101, ìyẹn 7D. Àwọn àṣẹ tó kù kò tò dáadáa tó báyìí, ṣùgbọ́n ohun tó wà níhìn-ín ti tó láti fi hàn pé àwọn tó ṣe ṣíìpù yìí ro ọ̀rọ̀ kíkọ àti ọ̀rọ̀ wáyà pọ̀.

Ihò kan wà nínú tábìlì náà. STA jẹ́ 100, háàṣì jẹ́ 010, papọ̀ pẹ̀lú 01 wọn yóò jẹ́ 10001001, ìyẹn 89. Ṣùgbọ́n STA #5 kò ní ìtumọ̀: a kò lè kó nǹkan sínú nọ́ńbà 5. Nítorí náà 89 kò ní àṣẹ kankan nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà 6502. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó tó àkókò ká kọ púrógíráàmù. Iye owó márùn-ún wà ní mẹ́mọ́rì láti $0300 lọ, báìtì kan fún ìkọ̀ọ̀kan. A fẹ́ àpapọ̀ wọn.

        *= $0600
OWO     = $0300
APAPO   = $10
BERE    LDA #0
        LDX #5
TUNSE   CLC
        ADC OWO-1,X
        DEX
        BNE TUNSE
        STA APAPO
        RTS ; o pari

Ẹ̀yin náà rí i pé Yorùbá ni àwọn orúkọ náà. Ẹni tó ń kọ púrógíráàmù ló ń yan orúkọ, LDA àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò ṣeé yí. Ṣùgbọ́n àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò lè wọ ibẹ̀, nítorí kò sí wọn nínú òǹkà lẹ́tà ASCII tí àwọn ẹ̀rọ náà ń lò. Àwọn assembler kan kò sì gbà ju lẹ́tà mẹ́fà lọ fún orúkọ kan.

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe àṣẹ fún ṣíìpù. Assembler ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ dúró fún ibi tí a wà nínú mẹ́mọ́rì, nítorí náà ìlà kìíní sọ pé kí nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó láti $0600. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e fún nọ́ńbà ní orúkọ, báìtì kankan kò ti ara wọn jáde. Láti BERE ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: A di òdo, X di 5.

CLC ń nu bíìtì C nù. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ torí pé 6502 kò ní àṣẹ tó ń ṣe ìròpọ̀ lásán. ADC nìkan ló wà, ó sì máa ń fi C kún un nígbà gbogbo. Tí C bá jẹ́ 1 láti ibì kan tí a kò mọ̀, ìròpọ̀ wa yóò fi ọ̀kan jù. Fún ìyọkúrò, òdìkejì rẹ̀ ni: SEC ni a ń kọ ṣáájú SBC.

OWO-1,X lè dà bí àṣìṣe, kì í ṣe àṣìṣe. X ń lọ láti 5 wá sí 1, kò dé òdo kí a tó kúrò nínú ìyípo. $02FF tí a fi 5 kún jẹ́ $0304, ìyẹn iye karùn-ún; tí a fi 1 kún, ó jẹ́ $0300, ìyẹn iye kìíní. Assembler ló ṣe ìyọkúrò "-1" yẹn nígbà tó ń túmọ̀, ṣíìpù kò mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. DEX ń yọ ọ̀kan kúrò nínú X. Tí X kò bá tíì di òdo, BNE fò padà sí TUNSE. Ìgbẹ̀yìn ni STA kó àpapọ̀ sí àdírẹ́sì $10, tí RTS sì dá wa padà síbi tí wọ́n ti pè wá. Tí owó náà bá ju 255 lọ lápapọ̀, báìtì kan kò ní gbà á, àpapọ̀ yóò sì jáde ní òdì. Ẹni tó bá ń ka owó ńlá gbọ́dọ̀ lo báìtì méjì.

Ohun tí assembler sọ gbogbo rẹ̀ dà nìyí:

0600  A9 00
0602  A2 05
0604  18
0605  7D FF 02
0608  CA
0609  D0 F9
060B  85 10
060D  60

Báìtì mẹ́rìnlá péré. 7D tí a fi orí ṣírò lẹ́ẹ̀kan ti fara hàn. 85 náà wà nínú tábìlì wa: 100 fún STA, 001 fún ojú ìwé òdo, 01. Ẹ wá wo D0 F9. A kọ orúkọ, BNE TUNSE, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì $0604 kò sí níbẹ̀. Àwọn àṣẹ tó ń fò báyìí kò gbé àdírẹ́sì, ìwọ̀n ìrìn ni wọ́n gbé: báìtì mélòó síwájú tàbí sẹ́yìn, láti orí àṣẹ tó tẹ̀ lé e. Àṣẹ tó tẹ̀ lé e wà ní $060B. Láti ibẹ̀ padà sí $0604, báìtì méje sẹ́yìn ni, F9 sì ni bí a ṣe ń kọ òdì méje nínú báìtì kan. Kò lè fò kọjá 127 síwájú tàbí 128 sẹ́yìn. Tí ibi tí a ń lọ bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, assembler yóò pariwo, a ó sì fi JMP ṣe é, torí pé JMP ń gbé àdírẹ́sì tó pé.

TUNSE ti wà lókè kí BNE tó dárúkọ rẹ̀, nítorí náà assembler ti mọ ibi tó wà. Bí orúkọ bá wà nísàlẹ̀ ńkọ́, tí a ń fò lọ síwájú? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ assembler fi ń ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìkàwé àkọ́kọ́ ń ṣírò gígùn àṣẹ kọ̀ọ̀kan láti mọ àdírẹ́sì orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìkejì ló ń kọ báìtì. Èyí ní ewu kan fún ojú ìwé òdo. Ká ní ìsàlẹ̀ púrógíráàmù ni a kọ APAPO = $10 sí, tí assembler bá pàdé STA APAPO nígbà àkọ́kọ́, kò tíì mọ̀ pé àdírẹ́sì kékeré ni, yóò sì fi àyè báìtì mẹ́ta sílẹ̀ dípò méjì. Nítorí náà, ẹ máa kọ orúkọ ojú ìwé òdo sókè pátápátá.

Lórí BBC Micro, tó jáde ní Britain lọ́dún 1981, ẹni tó ń kọ púrógíráàmù fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò ìkàwé méjì yìí, torí pé inú BASIC rẹ̀, tí Sophie Wilson kọ, ni assembler wà. A ó fi ìyípo FOR ká a lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì kọ àwọn àṣẹ sáàárín àkámọ́ onígun. Ìlànà ibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: & ló dúró dípò dọ́là, nítorí náà LDA #&41 ni wọ́n ń kọ; àmì ìdánudúró ló ń ṣáájú orúkọ ìlà, bíi .TUNSE. Lórí Apple II, àwọn kan ń lo ORG dípò ìràwọ̀. Báìtì tó ń jáde kò yí padà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù pé báìtì àti ìlànà kíkọ kì í ṣe ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn orogún 6502. Zilog gbé Z80 jáde lọ́dún 1976, ó sì ń ṣe gbogbo àṣẹ 8080 ti Intel pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, ṣùgbọ́n Zilog dá ìlànà kíkọ tirẹ̀ sílẹ̀. Báìtì 7E jẹ́ MOV A,M lọ́dọ̀ Intel, ó jẹ́ LD A,(HL) lọ́dọ̀ Zilog. Èyí tó burú ni JP: lọ́dọ̀ Intel, ó ń fò nígbà tí àbájáde kò bá jẹ́ òdì, lọ́dọ̀ Zilog, ó ń fò láìbéèrè ohunkóhun. Ẹni tó gbé ìlà kan láti ìwé kan sí èkejì láìwò ó dáadáa ti wọ gàù.

Ní ti 6502, ibì kan wà tí ìlànà kíkọ ti ṣèlérí ohun tí ṣíìpù kò mú ṣẹ. JMP ($30FF) yẹ kó ka àdírẹ́sì láti inú $30FF àti $3100. Ṣùgbọ́n ṣíìpù kò gbé ìyókù kọjá ojú ìwé. $3000 ló ti lọ ń ka báìtì kejì. Kò sí assembler tó lè rí i nínú ohun tí a kọ, nítorí kíkọ náà tọ̀nà. Àwọn tó mọ̀ máa ń rí i dájú pé àdírẹ́sì tí wọ́n fi sínú àkámọ́ JMP kì í parí sí FF.

Western Design Center, ilé-iṣẹ́ tí Bill Mensch dá sílẹ̀, tún àléébù yìí ṣe nínú 65C02. Wọ́n sì fi ọ̀nà kíkọ tuntun kan kún un tí àwọn ènìyàn ti ń fẹ́: LDA ($20), àkámọ́ láìsí Y, fún ìgbà tí kò sí nǹkan tí a fẹ́ fi kún àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n bíìtì mẹ́ta àárín ti kún, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti lólówó. Nítorí náà bíìtì méjì ìparí ni wọ́n yí, láti 01 sí 10, nọ́ńbà àṣẹ náà sì di B2: 101 fún LDA bó ṣe wà látijọ́, 100 tí wọ́n yá lọ́wọ́ ($20),Y, àti 10. 89 tó ṣófo láti ọdún 1975 náà rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n fi BIT #, tó ń yẹ bíìtì A wò pẹ̀lú nọ́ńbà tí a kọ gan-an, síbẹ̀, ní ipò háàṣì tí STA kò lè lò.